Bí Wọ́n Bá Pè Yín fún Àyẹ̀wò Lẹ́yìn Tí Ẹ Fara Pa Lẹ́nu Iṣẹ́
Ìwé ìlàlóye fún àwọn òṣìṣẹ́ Alápòótí, Àtàn, Sango àti Ọ̀tà

Ẹni tí ẹ̀rọ gé ní ìka, tí irin já lé lẹ́sẹ̀, tí kẹ́míkà ba ojú rẹ̀ jẹ́, tí wọ́n wá pè lórí fóònù tàbí tí wọ́n kọ lẹ́tà sí pé kó wá ṣàyẹ̀wò, kó sì wá ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ṣì lè ṣe, òun la kọ ìwé yìí fún. A kọ ọ́ fún ìyàwó, ọkọ, ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ tí yóò bá a lọ pẹ̀lú. Ẹ̀rù ìpè náà máa ń ba àwọn èèyàn, àwọn kan tilẹ̀ máa ń sá fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá. Òfin fún àjọ tó ń san owó gbà-má-bínú lágbára láti dá owó ẹni tó kọ̀ láti yọjú fún àyẹ̀wò dúró.

Ibi tí owó náà ti ń wá

Láyé òfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Workmen's Compensation, agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ẹrù owó ìfarapa wà lọ́rùn rẹ̀. Ó lè san iye kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Òfin Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 yí i padà. Agbanisíṣẹ́ ń dá náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní NSITF, àjọ náà ló sì ń san owó fún ẹni tó bá fara pa. Jámánì ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1884. Ẹ kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá yín ló jẹ̀bi kí ẹ tó rí owó gbà. Agbanisíṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ yọ owó tó ń dá náà nínú owó oṣù yín.

Ohun kan wà tó ń ká wa lára gidigidi ní agbègbè wa. Òṣìṣẹ́ tó bá ti ọwọ́ kọ́ńtírákítọ̀ wọ iléeṣẹ́ máa ń gbà pé káṣúà lásán lòun, pé òun kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin 2010 dárúkọ káṣúà, ó dárúkọ ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ó dárúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́, ì báà jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé síwájú yín lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn pé kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ kò ní béèrè owó kankan mọ́, ìwé yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin. Òfin náà tún dé ojú ọ̀nà. Ẹni tí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà gbé ṣubú láàárín ilé rẹ̀ ní Alápòótí àti ẹnu géètì iléeṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ṣe pàtàkì. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi tó agbanisíṣẹ́ rẹ̀ létí lẹ́yìn ìfarapa. Bí ẹ bá dákú tàbí tí ẹ wà ní tíátà, ará ilé lè lọ sọ fún wọn. Ọjọ́ 7 ni agbanisíṣẹ́ ní láti fi ròyìn rẹ̀ fún àjọ. Ọdún kan ni ẹ ní láti fi kọ̀wé béèrè owó. Bí sùpáfáísọ̀ bá ní òun ti gbọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò ìwé náà sínú fóònù yín.

Nígbà tí dókítà bá bi yín pé báwo lara

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ẹ̀tọ́ wọn. Dókítà á béèrè pé, "Báwo lara?" A ó sì dáhùn pé, "A dúpẹ́, ara ti ń le." Bí wọ́n ti tọ́ wa nìyẹn. A kì í fi ẹnu ara wa pe àìsàn, a kì í sì í tú àṣírí ìrora wa fún àlejò. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì, ìdáhùn yẹn á di pé ara òṣìṣẹ́ náà ti yá. Ẹni tí yóò ṣírò owó yín kò ní rí ojú yín. Ohun tí wọ́n kọ ni yóò kà. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nílé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Bí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ sọ bí ara ṣe rí.

Ká sọ pé ọkùnrin kan ni, tí ẹ̀rọ tó ń lọ ike gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n bi í pé, "Ṣé ẹ lè gbé nǹkan?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Kò purọ́. Ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ òsì ló fi ń gbé e, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún tì í mọ́ ìhà, ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a dé bọ́tìnnì ẹ̀wù. Kò lè ṣí ìdérí ìgò. Bí ọyẹ́ bá mú, àwọn ìka tí kò sí mọ́ máa ń dùn ún bíi pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo èyí ló yẹ kó sọ, títí kan ìka tí kò sí tó ń dunni. Ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á pè yín ní wèrè, tàbí pé ayé ló ń ṣe yín. Àwọn dókítà mọ ìrora yẹn dáadáa, ó sì ní ìtọ́jú.

Bí ó bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ní kí ọmọ bá yín kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tí ẹ gbìyànjú láti ṣe lójúmọ́, bó ti pẹ́ tó, ẹni tó ràn yín lọ́wọ́, àti bí ara ṣe rí lálẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tó dára, ẹ kọ èyí tí kò dára. Ẹ má fi kún un. Dókítà yóò tẹ ọwọ́ náà, yóò ní kí ẹ rìn, kí ẹ tẹ̀ ba. Bí irọ́ kan bá hàn, wọn kò ní gba òótọ́ tó kù gbọ́. Bí ẹ bá ti lo oògùn ìrora láàárọ̀ kí ẹ lè rìn débẹ̀, ẹ sọ ọ́, nítorí oògùn yẹn ló jẹ́ kí ẹ lè tẹ̀ ba lójú wọn.

Ẹ sọ ti ọkàn pẹ̀lú. Àwọn kan wà tí ara wọn máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ, tí oorun sì ti dá lójú wọn. Ó lójú ìdààmú ọkàn tí òfin 2010 kà kún ìfarapa.

Bí ẹ ó ṣe débẹ̀, àti ohun tó tọ́ sí yín níbẹ̀

Ọ̀nà jìn láti Alápòótí, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ abẹ́ bíríìjì Sango kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn. Ẹ jí lọ. Bí ẹsẹ̀ kò bá gbà yín, bí ẹ bá wà ní bẹ́ẹ̀dì, tàbí tí ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ tí ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì fún yín láti wá wọn ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ béèrè ọjọ́ mìíràn, kí ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpè kí ẹ̀rí lè wà. Ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn, fọ́tò X-ray, rìsíìtì oògùn, káàdì iṣẹ́ àti ẹ̀rí owó oṣù lọ. Ẹni tí kò ní ìwé owó oṣù lè tẹ àkọsílẹ̀ báǹkì tó fi hàn pé owó ń wọlé. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Òfin mìíràn wà, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, tó lòdì sí kí wọ́n máa yọ àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn níbi tí èèyàn bá ti tò, láìjẹ́ kí wọ́n dúró lórí ìlà. Ó ní kí ilé ìwòsàn ìjọba ṣètò fún ẹni tí kò lè gbọ́ tàbí sọ̀rọ̀ kí ó lè bá dókítà sọ̀rọ̀. Ó fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Àkókò yẹn ti pé láti January 2024. Bí ọ́fíìsì tí wọ́n pè yín sí bá wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pọ̀n yín gòkè bí ọmọ. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe àfojúdi.

Lẹ́yìn ìpàdé

Bí ara kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ láé, owó tí òfin là sílẹ̀ jẹ́ ìdá 90 nínú ìdá 100 owó iṣẹ́ yín, a ó sì máa san án láti ìgbà dé ìgbà. Fún ẹni tó pàdánù apá kan ara, wọ́n máa ń wo bí ìpalára náà ti pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tó wà nínú fáìlì fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ní ẹ lè padà síṣẹ́, ẹ béèrè iṣẹ́ wo. Ẹni tí kò lè dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ mọ́ lè ka ọjà ní sìtọ́ọ̀, tàbí kó jókòó ti ìwé ẹnu géètì. Bí iléeṣẹ́ bá lé e nítorí àléébù ara nìkan, òfin àkàndá ẹ̀dá yẹn ní ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà fún iléeṣẹ́ tó bá yọ èèyàn sọ́tọ̀, àti 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, fún ẹni tó ṣe é.

Bí ìpinnu àjọ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ lè dé lẹ́yìn èyí ni kóòtù òṣìṣẹ́, National Industrial Court. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976, ní ọ́fíìsì wọn ní Abẹ́òkúta. Ẹ mú lẹ́tà ìpinnu náà dání, àti ìwé tí ọmọ bá yín kọ.