Ooru Ṣáájú Wàrà

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ológbò bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Ẹ̀yin ará tí ń tọ́jú ẹja yíyan àti gàrí pamọ́ ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ológbò a máa kú lọ́wọ́ wa, nígbà mìíràn nítorí pé a sáré fún wọn ní wàrà nígbà tí òtútù ń pa wọ́n.

Ọmọ ológbò tuntun, tí kò ju bí 100 gíráàmù lọ, kò lè mú ara rẹ̀ móoru. Bí atẹ́gùn ọ̀sà bá ń fẹ́ nígbà òjò, tí ìyá rẹ̀ kò sì sí nítòsí, ara rẹ̀ a tutù, ikùn rẹ̀ kì yóò sì lè lo oúnjẹ. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ gbé e mọ́ àyà, tàbí kí a fi aṣọ wé ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí ara rẹ̀ yóò fi móoru.

Nígbà náà ni kí a tó fún un ní wàrà tí a ṣe fún ọmọ ológbò, ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra wọn. Wàrà màlúù a máa mú kí ó yàgbẹ́ gbuuru. Kí ó dojú bolẹ̀ bí ó ti ń mu ún, kí wàrà má baà wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a fi aṣọ rírin nu ìdí rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ti ń lá a, kí ó lè tọ̀.

Bí àìsàn bá sì dé, ẹ má ṣe fún un ní Panadol: oògùn ni fún ènìyàn, májèlé ni fún ológbò. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ.