Ṣé ó ṣojú yín?

Ká ní ọkùnrin kan wọ ọjà Sokodé láàárọ̀, ó ní afárá kan ti wó lójú ọ̀nà Tchamba. Àwọn tí wọ́n fẹ́ padà sí Kambolé yóò bi í léèrè lójú ẹsẹ̀ pé: "Ṣé ó ṣojú yín?" Bí ó bá dáhùn pé òun kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ 40 ni wọ́n sọ fún òun, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Àwọn kan yóò ní ènìyàn 40 kò lè pa irọ́ kan náà. Àwọn mìíràn yóò ní: ṣé gbogbo wọn ni wọ́n rí afárá náà, àbí ẹnì kan ni ó sọ fún àwọn 39?

Irú àríyànjiyàn yìí ni ó wà lórí David Grusch, ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà nígbà kan rí. Ní ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2023, ó búra níwájú àwọn aṣòfin ní Washington. Ó ní ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń kó àwókù ọkọ̀ àjèjì tí ó já láti ojú ọ̀run pamọ́, àti pé wọ́n rí ara ẹ̀dá tí kì í ṣe ènìyàn níbẹ̀. Ó ní wọ́n fìyà jẹ òun nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Ṣé ó ṣojú rẹ̀? Rárá, òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fi ọdún mẹ́rin fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní 40 lẹ́nu wò. Kò dárúkọ wọn ní gbangba.

Àwọn tí wọ́n gbà á gbọ́ di ìbúra mú. Irọ́ pípa lẹ́yìn ìbúra lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n ní Amẹ́ríkà. Kí ni yóò wá rí jẹ nínú irú ewu bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà lágbára. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ọjà Sokodé lè fi Àlùkùránì búra pé àwọn awakọ̀ sọ fún òun, kí ó má purọ́ rárá, kí afárá náà sì wà lórí ìdúró.

Ẹnì kan jẹ́rìí lọ́jọ́ náà tí ó ṣojú rẹ̀: David Fravor, tí ó ti jẹ́ awakọ̀ òfurufú fún ọmọ ogun ojú omi. Ní ọdún 2004, nítòsí California, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn rí ohun funfun kan tí kò ní apá, tí eré rẹ̀ kọjá ti ọkọ̀ wọn. Ẹ̀rí tirẹ̀ kéré ju ti Grusch lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣòro jù láti bì ṣubú.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé a kó ọkọ̀ àjèjì kankan pamọ́. Àwọn ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ara wọn. Ẹnì kan àti àwọn 39 náà nìyẹn. Síbẹ̀, ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ni ó wádìí ara rẹ̀ yìí, àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ará Kambolé lè gun alùpùpù lọ wo afárá rẹ̀. Ní Washington, ìwé ni wọn yóò wò: òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2023 pàṣẹ pé kí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba kó àwọn ìwé tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jọ.