Ọ̀nà Tí Ọ̀rọ̀ Gbà Dé Etí Wa

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Òwe yìí yé mi yékéyéké ní ọdún tí àkọ́bí mi wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó délé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní olùkọ́ ti mú òun kúrò níwájú, ó sì ti fi òun jókòó sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ọmọ yìí kò ríran jìnnà. Mo mú bébà, mo kọ ìwé sí olùkọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni pé, "Mo gbọ́ pé ẹ ti mú ọmọ mi lọ sẹ́yìn." Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni, "I have found out that you moved my son to the back."

Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ ránṣẹ́ pè mí. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún mi ní àga, ó sì gbé ìwé náà síwájú mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, kí ni mo fi pa mọ́ fún yín tí ẹ fi tú àṣírí mi?" Ẹnu yà mí. N kò mọ̀ pé mo ti fi ẹ̀sùn kan ènìyàn. Àṣé ọmọ náà ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni olùkọ́ ṣe mú un lọ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ojú ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ sì tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹ́ fi sọ pé mo mọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, ohun tí mo rí kọ́ nìyí: nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá ti sọ pé a mọ ohun kan, ọ̀rọ̀ tí a lò yóò sọ ọ̀nà tí a gbà mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Yóò sọ bóyá a wádìí rẹ̀ ni, bóyá wọ́n sọ fún wa ni, tàbí bóyá ẹnìkan ti gbé e pa mọ́ tẹ́lẹ̀.

Rí, Gbọ́, Mọ̀ àti Kọ́

Èdè tiwa a máa di ẹrù púpọ̀ lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí pẹ́ńsù ọmọ bá sọnù tí ó sì wá a kàn, yóò pariwo pé, "Mo ti rí i!" Bí ó bá dé ilé-ìwé, yóò ní, "I have seen it." Olùkọ́ yóò sì fa igi sí i. "See" ni ti ojú lásán; ohun tí ó sọnù tí a sì wá kàn, "find" ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un, nítorí náà "I have found it" ni ọmọ ìbá wí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "gbọ́" rí. A ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ èdè. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí mẹ́ta: "hear" fún ohùn, "smell" fún òórùn, "understand" fún èdè. Ọmọ tí ó bá sọ pé òun "hear" òórùn ọbẹ̀ kò ya òmùgọ̀. Yorùbá ni ó ń sọ pẹ̀lú aṣọ òyìnbó lọ́rùn.

Ti "mọ̀" ni kí àwa ìyàwó ilé ṣọ́ra fún jù. Bí o bá fẹ́ sọ pé Ìbàdàn ni o ti mọ ọkọ rẹ, má ṣe wí pé, "I knew my husband in Ibadan." Etí Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ ọ bí ẹni pé Ìbàdàn ni ẹ ti mọra rí, tí ìmọ̀ náà sì ti tán! "I met my husband in Ibadan" ni kí o wí. Ní ti "kọ́", olùkọ́ ń kọ́ni, ọmọ náà sì ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n "teach" ni ti olùkọ́, "learn" sì ni ti ọmọ.

Wíwá ni, àbí Alábàápàdé?

"Find out" ni pé a béèrè, a wádìí, a sì mọ̀. Kò sí ibi nínú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ iye owó gààrí ni a fẹ́ mọ̀, tàbí wákàtí tí ọkọ̀ yóò gbéra. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìṣe ẹlòmíràn ni a ń sọ lójú rẹ̀, òórùn ìpamọ́ a máa bá a rìn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ pé ènìyàn kan ti di ẹni tí a "found out", ohun tí wọ́n ń wí ni pé àṣírí rẹ̀ tú.

Bí o kò bá wá nǹkan náà rárá, tí o kàn bá a pàdé nínú ìwé tàbí lọ́jà, "come across" ni. Bí ó bá dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni o fi kọ ọ́, "stumble on" ni. Bí ẹnìkan bá sọ fún ọ, "hear" tàbí "learn" ni. Ọ̀kan tún wà tí ó kún fún ọ̀wọ̀, èyíinì ni "I understand that". Níhìn-ín kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kan rú ọ lójú kí ó tó yé ọ. Ohun tí o ń wí ni pé, "Wọ́n sọ fún mi pé", o sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀ kí ó ṣàlàyé. Èyí gan-an ni ó yẹ kí n kọ sí olùkọ́ ọmọ mi.

Ta Ló Bo Odò Ọya Mọ́lẹ̀?

"Discover" ní ìtàn tirẹ̀. Láti inú èdè Látìn àti ti Faransé ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí a ṣí ìbòrí kúrò lórí nǹkan. Ní oṣù Keje ọdún 1796, Mungo Park, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé etí odò ńlá ní Ségou, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Mali lónìí. Ó rí i pé ìhà ìlà-oòrùn ni odò náà ń ṣàn lọ, ohun tí àwọn ará Yúróòpù ti ń jiyàn lé lórí. Ní 1830, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ tọ odò náà dé òkun. Fún ọdún pípẹ́ ni a fi kọ́ ọmọ wa pé Mungo Park ni ó "discover" River Niger. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni Park bá ní Ségou, ọkọ̀ ojú omi sì kún ibẹ̀. Odò Ọya ni àwọn baba wa ń pè é. Bí ọmọ rẹ bá mú irú ọ̀rọ̀ yìí wálé, bi í pé, "Lójú ta ni odò náà fi wà lábẹ́ ìbòrí?" Kọ́ ọ kí ó wí pé Park "reached" odò náà, èyíinì ni pé ó dé ibẹ̀.

Ẹyẹ, Àjàrà àti Kọ́bọ̀

Àkànlò èdè pọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ dárúkọ ẹni tí ó sọ fún un yóò ní, "A little bird told me", pé ẹyẹ kékeré kan ni ó ta òun lólobó. Ìwé Oníwàásù, orí kẹwàá, náà kìlọ̀ pé kí a má ṣe bú ọba kódà nínú yàrá wa, kí ẹyẹ má baà gbé ohùn wa lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ta síni létí kí ó tó di gbangba, "get wind of" ni, bí ìgbà tí ẹranko gbóòórùn ọdẹ nínú afẹ́fẹ́.

"Hear it through the grapevine" ni ti ìròyìn àtẹnudẹ́nu. Ní 1844 ni Samuel Morse fi wáyà ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore. Nígbà tí wáyà ń tàn ká Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn fi àwàdà pe ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu ní wáyà àjàrà, nítorí ìtàkùn a máa lọ́ káàkiri. Booker T. Washington, tí a bí sí oko ẹrú ní Virginia, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Up from Slavery, ní 1901, pé ọ̀nà yìí ni àwọn ẹrú tí kò mọ̀wé fi ń gbọ́ ìròyìn ogun abẹ́lé ti 1861 sí 1865. Ó ní òun jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òun bá ìyá òun lórí ìkúnlẹ̀, tí ó ń gbàdúrà kí Lincoln ṣẹ́gun, kí òun àti àwọn ọmọ òun lè gba òmìnira.

"The penny dropped" ni ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Ẹ̀rọ kan wà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ju kọ́bọ̀ sí kí ó tó ṣiṣẹ́; bí kọ́bọ̀ bá há, ẹ̀rọ dákẹ́; bí ó bá jábọ́, ẹ̀rọ a jí. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ gbé ìwé mi síwájú mi, kọ́bọ̀ tèmi jábọ́.

Nítorí náà, kí o tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, yálà lórí ìwé tàbí lórí fóònù, bi ara rẹ pé: Ṣé mo wá ọ̀rọ̀ yìí ni? Ṣé wọ́n sọ fún mi ni? Ṣé ẹnìkan fi í pa mọ́ ni? Bí o bá gbọ́ pé ìyá ọkọ rẹ ń bọ̀ wá kí yín, tí o sì kọ "I found out" sí ọkọ rẹ, ìjà ni o fi pè é. Bí o bá kọ "I heard", àlejò ni ẹ jọ ń múra dè. Bí ọmọ rẹ bá sì ní òun ti "see" pẹ́ńsù rẹ̀, má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bá a yọ̀ pé ó rí i, kí o sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ tún un sọ fún un. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.