Ẹ̀dà Wo Ni Wọ́n Fi Kọ́ Ẹ̀rọ Náà?

Bí èèyàn bá ní kí kọ̀ǹpútà sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Bàrígà wà fún òun, ìdáhùn méjì ló lè rí gbà, kò sì sí irọ́ nínú ìkankan. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ìjọba ìbílẹ̀ 20 fún Ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣómólú wà níbẹ̀, Bàrígà kò sí. Nígbà tó di 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ dá ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 sílẹ̀, Bàrígà sì wà lára wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ti ìṣáájú kọ́ yóò dáhùn pé Ṣómólú, èyí tí wọ́n fi ti ẹ̀yìn kọ́ yóò ní Bàrígà ni. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ Ṣómólú fúnra rẹ̀: “Shomolu” níbì kan, “Somolu” níbòmíràn, “Ṣómólú” nínú ìwé Yorùbá. Lójú ẹ̀rọ, àdúgbò mẹ́ta nìyẹn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sọ wọ́n di ọ̀kan, ọjọ́ tó bá sì ṣe é ni dátà náà ti di nǹkan mìíràn, bí orúkọ fáìlì ò tilẹ̀ yí padà.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kò yẹ ká fọkàn tán ẹ̀rọ kankan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ bí ẹni tó ṣe é kò bá lè sọ ẹ̀dà dátà tó lò, ẹni tó fọwọ́ kan dátà náà, àti ohun tó yí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa gan-an, torí pé ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní èdè wa kò pọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sì ní àmì ohùn. Ní ọdún 2020, Jesujoba Alabi, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣèwádìí lórí Yorùbá àti Twi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fara balẹ̀ ṣà kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bá ara wọn tan ju èyí tí wọ́n ti fi Wikipedia àti ìwé ojú íntánẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ kọ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìmọ́tótó dátà bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó bọ́ àmì ohùn kúrò lórí fáìlì kan lálẹ́, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù jẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ọdún 2019 ni àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní JW300 jáde, gbólóhùn tí wọ́n kó nínú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní èdè tó lé ní 300, Yorùbá náà wà níbẹ̀. Àwọn olùwádìí Masakhane, tí wọ́n kóra jọ láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, fi kọ́ ẹ̀rọ atúmọ̀ fún èdè tó lé ní 30, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Nígbà tó yá, OPUS, ibi tí wọ́n ti ń gba àkójọ náà, yọ ọ́ kúrò nítorí ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ìwé. Kò sí níbẹ̀ mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ tún iṣẹ́ wọn ṣe láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Masakhane ti kọ ìgbésẹ̀ wọn síta: ibi tí dátà ti wá, àti bí wọ́n ṣe yọ gbólóhùn ìdánwò kúrò nínú èyí tí ẹ̀rọ fi kẹ́kọ̀ọ́. Àkọsílẹ̀ yẹn ló jẹ́ ká mọ àwọn model, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi dátà kọ́, tí ọ̀rọ̀ JW300 kàn lónìí.

Àwọn atẹ̀wé òpópónà Shipeolu ní Ṣómólú mọ pàtàkì irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Oníbàárà tó wá tẹ ìwé ìsìnkú gbọ́dọ̀ buwọ́ lu prúùfù kí wọ́n tó ṣe pléètì. Bí orúkọ olóògbé bá jáde lódì, prúùfù tó buwọ́ lù ni wọ́n á kọ́kọ́ wá jáde. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni Git, tí Linus Torvalds ṣe ní 2005, ń pa mọ́ fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ti tóbi jù fún Git; irú fáìlì ńlá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ètò mìíràn tó ń jẹ́ DVC fún, tó dé ní 2017. Ó ń fi dátà síbòmíràn, á wá ṣírò àmì oníhóró 32 láti inú fáìlì náà, á sì fún Git ní àmì yẹn. Bí ẹnì kan bá yí àmì ohùn kan ṣoṣo padà, àmì oníhóró 32 náà á yí. MLflow, tó jáde ní 2018, ń ṣe ti model: ètò tí wọ́n fi kọ́ ọ àti máàkì tó gbà. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn kan á ní dátà orí fóònù ti wọ́n, iná ò sì dúró, ta ló fẹ́ máa tọ́jú ẹ̀dà mẹ́wàá? DVC kì í tún fáìlì tí kò yí padà tọ́jú. Bí wọ́n bá tún ohùn 30 ṣe nínú ẹgbẹ̀rún, 30 yẹn nìkan ló máa kún un. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní DVC lè fi ìwé ìkọ̀wé kan bẹ̀rẹ̀.

Àtakò kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́. Bí a bá ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà àtijọ́, ṣé ohùn ẹni náà kò ní ṣẹ́kù síbẹ̀? Yóò ṣẹ́kù, àfi bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú gbogbo ẹ̀dà. Àmọ́ ta ló lè yọ ohun tí kò mọ ibi tó wà? Àkọsílẹ̀ nìkan ló lè fi ẹ̀dà àti model tí ohùn náà wọ̀ hàn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé fóònù wá bá yín ní Bàrígà tàbí ní Àkọkà pé òun fẹ́ gba ohùn yín fún ẹ̀rọ, ẹ bi í pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ wo ló máa fi tọ́jú rẹ̀, kí ló máa fi kọ́, àti ọ̀dọ̀ ta lẹ lè lọ bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yọ ọ́. Bí kò bá rí i sọ, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ sí i.