Ìwádìí Ọlọ́pàá àti Àṣírí Ìlú: Ọ̀rọ̀ Òṣèlú àti Àwùjọ nínú Fíìmù October 1

Bí a bá dárúkọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láàrin àwa olùkọ́ èdè Yorùbá, Lápàdé inú Àjà Ló Lẹrù (1969) tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, bí àṣírí ọ̀daràn bá ti tú, ọkàn òǹkàwé a balẹ̀. Fíìmù October 1, tí Kúnlé Afọláyan darí, tí Túndé Babalọlá kọ, tí ó sì jáde ní ọdún 2014, kò fún òǹwòran ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣírí tú, àwọn aláṣẹ sì ní kí a bò ó mọ́lẹ̀.

Akote, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, ni ibùdó ìtàn náà, ní ọdún 1960 tí òmìnira ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan ń fipá bá àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lò pọ̀, ó sì ń pa wọ́n. Ìjọba amúnisìn rán Danladi Waziri, ọ̀gá ọlọ́pàá kan láti Òkè Ọya, láti wádìí ọ̀ràn náà. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà fi wọ̀ ọ́: Okafor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n pa ọmọbìnrin rẹ̀, gbẹ̀san lára arìnrìn-àjò Hausa kan tí a fura sí, síbẹ̀ ìpànìyàn kò dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá rántí ogun abẹ́lé ọdún 1967 yóò mọ ibi tí olùdarí ń nawọ́ sí.

Adérópò ọmọ ọba, tí ó kàwé gboyè yunifásítì, ni apànìyàn náà. Àlùfáà òyìnbó tí ó mú un lọ kàwé ní Èkó ti fipá bá a lò pọ̀ fún ọdún púpọ̀. (Àbùkù kan tí mo rí ni pé yàtọ̀ sí Táwà olùkọ́, a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi orí fá a.)

Ẹ̀dá ìtàn tí ó jinlẹ̀ jù lójú tèmi ni Àgbẹ́kọ̀yà, ipa tí Afọláyan fúnra rẹ̀ kó. Orúkọ yìí rán wa létí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kọ ìyà owó orí ní ọdún 1968 sí 1969. Ìwé ni tirẹ̀ kọ̀, kò sì fẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Ojú aláìlajú ni èmi náà fi wò ó, títí ó fi hàn pé ọwọ́ àlùfáà kan náà ni òun pẹ̀lú ti jìyà. Kíkọ̀ tí ó kọ̀ ni ẹ̀rí tí ó ń jẹ́; kò sí ẹni tí ó kà á sí ẹ̀rí. Nítorí náà ni mo ṣe ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní Awóyáyà àti Orímẹdú, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí níhìn-ín, wo ìran Àgbẹ́kọ̀yà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó pe ọmọ tí ń sá fún ilé ìwé ní ọ̀lẹ.

Ní ìparí, àwọn òyìnbó rọ Waziri pé kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì nítorí àlàáfíà orílẹ̀-èdè tuntun. Orúkọ àlùfáà àti ilé ọba ni àlàáfíà yẹn dáàbò bò. Lápàdé ti bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ kí ìtàn tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀gá tí ó lè ní kí ó dákẹ́. Aṣọ ìjọba ṣì wà lọ́rùn Waziri.