Ìwé ìgbaniwọlé fásitì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní àdéhùn nínú: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó

Bí lẹ́tà ìgbaniwọlé bá dé láti fásitì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ayọ̀ a gba inú ilé kan. Ẹlòmíràn a ti máa wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn a kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ bí "conditional offer" bá wà nínú lẹ́tà náà, ọ̀rọ̀ kò tíì parí.

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Fásitì ń sọ pé òun yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ náà bí ó bá mú àwọn àdéhùn kan ṣẹ kí gbèdéke tó pé. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, "unconditional offer" ni yóò tẹ̀lé e. Bí kò bá ṣe é, fásitì lè gba àyè náà padà.

Àdéhùn wo ló wọ́pọ̀?

Èsì ìdánwò ni àkọ́kọ́: WAEC fún ẹni tó ń lọ kàwé gboyè àkọ́kọ́, èsì àṣekágbá fásitì fún ẹni tó ń lọ fún másítà. Èkejì ni ẹ̀rí pé ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn fásitì kan a gba C6 nínú WAEC, àwọn mìíràn á ní àfi IELTS. Wọ́n tún lè béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí olùkọ́, àti owó àsansílẹ̀.

Kí ló kan físà?

Fásitì gbọ́dọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ láìsí àdéhùn kankan mọ́ kí ó tó lè béèrè físà. Ìgbà náà ni fásitì yóò fún un ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní CAS. Owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ òun ilé tún gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28 léraléra. Nítorí náà, bí èsì bá pẹ́, ẹ̀kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ kí físà tó jáde.

Kí ni ṣíṣe?

Ẹ ka gbogbo àdéhùn náà, kí ẹ sì kọ gbèdéke ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ tètè béèrè àkọsílẹ̀ máàkì yín ní fásitì tí ẹ ti jáde. Kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀, ẹ béèrè ohun tó lè mú kí wọ́n dá a padà. Bí ọwọ́ kò bá ní tètè tẹ èsì, ẹ kọ̀wé sí fásitì kí gbèdéke tó kọjá. Wọ́n lè gbà láti sún àyè yín sí ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ má ṣe fi ayédèrú èsì ránṣẹ́. Yàtọ̀ sí pé àyè náà yóò bọ́, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi físà du ẹni tó bá lu jìbìtì nínú ìwé ìbéèrè rẹ̀ fún ọdún 10.

Ilẹ̀ tí a bá ti tà, iṣẹ́ tí a bá ti fi sílẹ̀, wọn kì í ṣe ohun tí lẹ́tà fásitì lè dá padà.