Ta Ló Fa Ìnira? Ilé-Iṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Ń Sọ Lórí Ayélujára

Ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, ilé ìfowópamọ́ mi yọ owó mi lẹ́ẹ̀mejì lórí ọjà kan ṣoṣo. Mo fi ẹjọ́ wọn sùn lórí X, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní Twitter. Kò pẹ́ tí èsì fi dé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá tú u sí Yorùbá, ohun tó sọ ni pé: "A kẹ́dùn ìnira yòówù tí èyí lè ti fà." Owó náà padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ta ló fa ìnira? Kí ni wọ́n ń pè ní "èyí"?

Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ará ìlú ni gbogbo ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ ń gbà bá àwùjọ sọ̀rọ̀ kí orúkọ rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ojúṣe sí àwùjọ ni oore tí ó ń ṣe fún ìlú láti inú èrè rẹ̀. Láyé ìwé ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣàn, ilé-iṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, àwa ń gbọ́. Ẹni tí inú bí lè kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n olóòtú ló mọ̀ bóyá yóò jáde. Ní báyìí, abẹ́ ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ sọ gan-an ni oníbàárà ti ń fèsì, gbogbo ayé sì ń kà á. Mo rí ohun mẹ́ta tí èyí ti yí padà.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kò ṣeé kó mọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Lọ́jọ́ Àjíǹde ọdún 2022, ilé ìfowópamọ́ Sterling fi ìkíni ọdún sórí ayélujára, ó sì fi àjíǹde Jésù wé búrẹ́dì Àgége. Ẹ̀fẹ̀ náà dúró lórí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní Yorùbá: búrẹ́dì wú, Jésù jíǹde. Ẹ̀fẹ̀ ti kú nìyẹn. Inú bí àwọn Kristẹni, ẹgbẹ́ CAN bá wọn wí, àjọ APCON tó ń mójú tó ìpolówó ọjà nígbà náà sì ní àwọn kò fọwọ́ sí i. Ilé ìfowópamọ́ náà pa á rẹ́, ó tọrọ àforíjì, CAN sì padà dárí jì í. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ya àwòrán rẹ̀ pamọ́ sórí fóònù.

Èkejì, àforíjì gbọ́dọ̀ ní olùwà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare ní Chicago, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ́ èrò kan jáde nínú bàálù United Airlines nítorí pé ó kọ̀ láti fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn èrò yòókù ya fídíò rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá àgbà wọn, Oscar Munoz, fi síta, ó tọrọ àforíjì pé àwọn ní láti "wá àyè míràn" fún àwọn èrò. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wà lójú ọkùnrin náà, gbogbo ayé sì ti rí i! Lọ́jọ́ kejì ló tó gbà pé ọrùn àwọn ni ẹ̀bi wà.

Austin, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1962, kọ́ wa pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí sísọ wọn jẹ́ ìṣe fúnra rẹ̀. Àforíjì jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí kò dárúkọ ohun tó ṣe kò tíì tọrọ nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì ní irú gbólóhùn tí a lè fi yọ olùṣe kúrò pátápátá; Yorùbá kò ní in. Bí a ò bá tilẹ̀ mọ olùṣe, a ó ṣáà ní "wọ́n yọ owó mi".

Ẹ̀kẹta, oore ti ní ẹlẹ́rìí. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, àwọn ilé ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà para pọ̀ sábẹ́ orúkọ CACOVID. Wọ́n dá owó, wọ́n ra oúnjẹ, wọ́n sì kó o fún àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ láti pín. Ní oṣù kẹwàá, nígbà ìwọ́de EndSARS, àwọn ènìyàn já wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza l'Ékòó. Fídíò àpò oúnjẹ tí wọ́n kọ CACOVID sí lára gba orí fóònù kan. Ó di dandan kí CACOVID ṣàlàyé ìdí tí oúnjẹ fi pẹ́ kó tó dé ọwọ́ aráàlú. Tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ á pe oníròyìn, wọ́n á ya fọ́tò, ọ̀rọ̀ parí. Ní báyìí, ẹni tí oore kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ní kámẹ́rà.

Ẹ má rò pé mo ní ayélujára ti tún gbogbo nǹkan ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ti ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi àgbà rí. Fóònù kékeré ni wọ́n ń lò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tò sórí ìlà ní báńkì kí wọ́n tó rí owó wọn gbà. Kò sẹ́ni tó bá wọn kẹ́dùn, kódà pẹ̀lú gbólóhùn tí kò ní olùwà.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ kíkọ èsì fún ilé-iṣẹ́ kan díẹ̀ nínú wa lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ bi ara yín: Ta ló ṣe é? Kí ló ṣe? Kí la fẹ́ ṣe sí i? Bí gbólóhùn yín kò bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kọ.